Ilẹ̀ àti Ojú Ọ̀run Bí A Ṣe Ń Rí Wọn Láti Òkìtìpupa

Iṣẹ́: Jọ́gíráfì
Kíláàsì: SS 1
Àkókò: ọ̀sẹ̀ méjì, pírẹ́òdù mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín aago méjìlá sí aago kan àbọ̀ ọ̀sán, nítorí oòrùn la máa fi ṣiṣẹ́. Kí olùkọ́ tètè bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́.
Ohun èlò: ọ̀pá gígùn tó jẹ́ mítà kan, rúlà, okùn, òkúta wẹ́wẹ́, aago tàbí fóònù, ìgò tó mọ́ gaara, iyanrìn, amọ̀, omi, yangí kan, máàpù Nàìjíríà àti ti ayé.
Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀: pé ayé rí róbótó, pé ó ń yí lórí ara rẹ̀, ó sì ń yí oòrùn ká. Wọ́n mọ ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ wọn ti tẹ̀lé òbí wọn dé oko ọ̀pẹ, àwọn kan sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ.

Ìdí tí a fi ń kọ́ ọ báyìí

Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ nípa ojú ọ̀run, àwọn tó ń gbé ní ìhà àríwá ayé ló kọ́kọ́ rí i, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún. Wọ́n ní ìhà gúúsù ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní kí arìnrìnàjò máa wo ìràwọ̀ àríwá. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, wọn kò purọ́. Àmọ́ ọmọ Ìkálẹ̀ tó bá há gbogbo rẹ̀ sórí láì gbójú sókè lè yege ìdánwò, kó má sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé bàbá rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣe ni kí ọmọ kọ́kọ́ dúró sí Òkìtìpupa, kó wọn ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó tó gba ibẹ̀ lọ mọ bí ayé ṣe rí níbòmíràn.

Ibi tí a wà lórí ayé

Kí olùkọ́ ya róbótó sójú pátákó, kó fa ìlà agbedeméjì ayé sí i. Òkìtìpupa wà ní nǹkan bí dígírì 6.5 sí àríwá ìlà náà. Dígírì kan tó nǹkan bí kìlómítà 111 lórí ilẹ̀, nítorí náà nǹkan bí kìlómítà 720 ló wà láàárín àwa àti ìlà náà. London wà ní dígírì 51.5. Kí ọmọ kọ nọ́ńbà méjèèjì yìí, 6.5 àti 51.5, sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. A óò máa padà sídìí wọn.

Ayé ń yí lórí ara rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Àwa tó wà nítòsí agbedeméjì rẹ̀ ló ń bá a sáré jù: ilẹ̀ Òkìtìpupa ń lọ ní eré tó lé ní kìlómítà 1,650 láàárín wákàtí kan, nígbà tí ti London kò ju nǹkan bí 1,040 lọ. Ọmọ kan á béèrè ìdí tí a kò fi ń ṣubú. Ilẹ̀, afẹ́fẹ́, odò Olúwa, ilé àti ènìyàn, gbogbo wa la jọ ń lọ ní eré kan náà, eré náà kì í sì í dínkù tàbí pọ̀ sí i lójijì. Ìdí nìyẹn tí ara wa kò fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pá àti òjìji

Ibí ni kí olùkọ́ má kánjú. Kí ó kó àwọn ọmọ lọ sí pápá, kí wọ́n ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ ṣánṣán, kí mítà kan gbáko yọ sókè. Kí wọ́n so òkúta mọ́ okùn láti fi yẹ ìdúró ọ̀pá wò, nítorí ọ̀pá tó bá tẹ̀ á ba iṣẹ́ jẹ́. Láti aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí di aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n máa fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì sí ṣóńṣó òjìji náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì kọ aago àti gígùn rẹ̀ sílẹ̀.

Kí olùkọ́ béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé: aago mélòó ni òjìji máa kúrú jù? Gbogbo kíláàsì á pariwo pé aago méjìlá. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ní Òkìtìpupa, nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 41 ni ọ̀sán gangan sábà máa ń bọ́ sí, tí a bá pín in dọ́gba láàárín ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich, ìyẹn aago tó bá ìlà dígírì 15 ní ìlà-oòrùn mu. Ìlà yẹn kò tilẹ̀ gba orí ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Ó wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn Borno, lápá Chad. Àwa wà ní nǹkan bí dígírì 4.8. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń kọjá dígírì kan. Kí ọmọ yọ 4.8 kúrò nínú 15, kó fi mẹ́rin sọ èyí tó kù di púpọ̀, yóò rí i pé ìṣẹ́jú 41 náà kò ṣèèṣì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ya àwọn ọmọ tó jẹ́ Mùsùlùmí lẹ́nu. Ìrun Àyílà kì í wọlé àfi tí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní góńgó rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé aago méjìlá kọ́ ni wọ́n ń pe ìrun náà. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún àwọn yòókù.

Ìṣẹ́jú 41 yìí kì í dúró sójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ọ̀sán gangan lè bọ́ sí nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 25. Ní àárín oṣù Kejì, ó lè sún mọ́ aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ipa tí ayé ń gbà yí oòrùn ká kò rí róbótó dọ́gba, eré ayé lórí rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ayé tún dagẹ̀rẹ̀. Nǹkan méjèèjì ló ń fa ìyípadà náà. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún SS 1.

Ìlà tí òjìji tó kúrú jù bá tẹ́ sílẹ̀ ni ìlà àríwá sí gúúsù. Kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún sórí ilẹ̀ kọnkéré tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní, kí ó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wá wo èyí tí ìwé kì í sọ fún wa dáadáa. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, òjìji ọ̀pá wa lọ́sàn-án gangan máa gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 57, yóò sì kọjú sí àríwá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, yóò jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, yóò sì kọjú sí gúúsù. Ní London, òjìji ọ̀sán kì í kọjú sí gúúsù láéláé, ó sì ń gùn ju mítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ ní oṣù Kejìlá fún ọ̀pá kan náà. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró sí agbede orí wa gan-an. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pá kò ní ní òjìji kankan. Ẹni tó bá yọjú wo kànga tí ogiri rẹ̀ dúró ṣánṣán á rí oòrùn nínú omi ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kànga kan báyìí ni Eratosthenes gbọ́ nípa rẹ̀ ní Íjíbítì, ní bí ọdún 2,200 sẹ́yìn, tó fi wọn bí ayé ṣe tóbi tó. Oòrùn dé ìsàlẹ̀ kànga ní Syene. Ní Alexandria lọ́jọ́ kan náà, òjìji ṣì wà. Ìyàtọ̀ òjìji ló fi ṣírò ayé. Àwa náà lè ṣe é. Sókótó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá wa tààrà, nǹkan bí kìlómítà 730. Kí olùkọ́ wá olùkọ́ kan níbẹ̀ tí wọn óò jọ máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí ọ̀pá wa kò bá ní òjìji, ọ̀pá mítà kan ti Sókótó máa ní òjìji tó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 11 ààbọ̀ lọ́sàn-án gangan ti ibẹ̀. Èyí jẹ́ igun tó lé díẹ̀ ní dígírì 6.5. Tí igun bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ kìlómítà 730, mélòó ni dígírì 360 máa jẹ́? Ọmọ tó bá ṣírò rẹ̀ á rí nǹkan bí 40,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àyíká ayé ṣe rí. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè fi ọ̀pá àti rúlà wọn gbogbo ayé nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́

Kí olùkọ́ béèrè ohun tó ń fa ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ á sọ pé oòrùn jìnnà sí wa nígbà náà. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù kìlómítà 147. Ní oṣù Keje, ó máa ń tó 152. Jíjìnnà àti sísúnmọ́ kọ́ ló ń mú ìgbà wá. Dídagẹ̀rẹ̀ ayé, dígírì 23.4, ló ń jẹ́ kí oòrùn gbóná sí ìhà gúúsù ní apá kan ọdún àti sí ìhà àríwá ní apá kejì.

Níbi tí oòrùn bá ti mú jù, afẹ́fẹ́ á gbóná, á gbéra sókè, afẹ́fẹ́ tó kún fún omi á sì wọlé láti orí Òkun Àtìláńtíìkì. Òjò ń tẹ̀lé oòrùn lọ sí àríwá, ó sì ń bá a padà. Bó ṣe ń kọjá lórí wa lẹ́ẹ̀mejì ni òjò wa fi ń pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí òjò sì ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ nígbà tó bá wà lókè ọ̀hún. Nígbà tó bá rìn jìnnà sí gúúsù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú eruku. Púpọ̀ nínú eruku náà ń wá láti Bodélé ní Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ tipẹ́.

Ọjọ́ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú. Èyí tó gùn jù tó nǹkan bí wákàtí 12 àti ààbọ̀, èyí tó kúrú jù kò dín púpọ̀ sí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45.

Òṣùpá, àgùàlà àti ìràwọ̀

Òṣùpá jìnnà sí wa ní nǹkan bí kìlómítà 384,400. Láti òṣùpá tuntun kan sí òmíràn jẹ́ ọjọ́ 29 ààbọ̀. Kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀; ti oòrùn ló ń tàn padà sí wa. Nínú ìwé, wọ́n máa ń ya òṣùpá tuntun bí ohun tó nàró, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀. Kí àwọn ọmọ jáde síta ní alẹ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta lẹ́yìn òṣùpá tuntun. Wọn óò rí i pé tiwa máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi Ìlàjẹ. Ìwé kò purọ́, àwa náà kò ríran ṣì. Níbí, oòrùn máa ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà lójú ọ̀run nígbà tó bá ń wọ̀, abẹ́ òṣùpá ló sì máa ń wà. Ní London, ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àgùàlà ni ìmọ́lẹ̀ ńlá tí àwọn àgbà ń pè ní ajá oṣù. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ayé wa, ó sì sún mọ́ oòrùn jù wá lọ. Kì í jìnnà sí oòrùn ju dígírì 47 lọ lójú wa, ìdí sì nìyẹn tí a fi máa ń rí i lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí a kì í rí i ní ọ̀gànjọ́ òru. Òṣùpá ló ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lóṣooṣù. Àgùàlà kò tẹ̀lé òṣùpá lọ síbì kankan.

Ìràwọ̀ àríwá ga ju ilẹ̀ lọ ní dígírì 6.5 péré lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo tó láti dí i mọ́lẹ̀, ká má tíì sọ ti ìkùukùu. Kí ọmọ má fi òru rẹ̀ wá a. Ohun tí London kò lè rí, àwa ń rí i: ní alẹ́ oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe àgbélébùú máa ń dúró ní ìhà gúúsù. Ìwọ̀nyí ló wà lára àsíá Ọsirélíà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bọ́ sí àárín oòrùn àti ayé láàárọ̀. Ní Accra àti Lomé, ọ̀sán di òru pátápátá. Ní ọ̀dọ̀ wa, apá kan oòrùn ló bò, ilẹ̀ sì dúdú díẹ̀. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ohun tí wọ́n rántí. Kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wo oòrùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má sì lo awò dúdú ọjà. Ó lè fọ́ni lójú láì dunni.

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀

Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé á kíyè sí i. Ní Àkúrẹ́ àti Ìdànrè, àpáta ńláńlá ló yọ sókè. Tí ọkọ̀ bá ti ré Ọ̀rẹ̀ kọjá, àpáta á pòórá, ilẹ̀ á tẹ́, yóò sì pọ́n. Àpáta náà kò tán, ó rì sábẹ́ ni. Ohun tó bò ó ni iyanrìn àti amọ̀ tí omi wọ́ wá láti òkè fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún.

Kí olùkọ́ da iyanrìn, amọ̀ àti omi sínú ìgò, kó mì í, kó gbé e sílẹ̀. Iyanrìn á kọ́kọ́ sílẹ̀, amọ̀ á tẹ̀lé e. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ṣe jókòó ní ìpele ìpele, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ṣe jókòó, láti Òde-Ìrèlè dé Ìgbótakò. Agbègbè onígẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti Benin kọjá dé ọ̀dọ̀ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya ara wọn, ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kí àwọn ọmọ gé máàpù, kí wọ́n gbé etí Brazil sún mọ́ etí Nàìjíríà, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe wọnú ara wọn.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ káàkiri ayé mọ orúkọ ìlú wa, ohun tí kò sì sí ẹni tó lè fojú rí ló fà á. Lábẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí, òkè àpáta gígùn kan wà tí iyanrìn ti bò mọ́lẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Okitipupa Ridge. Òun ló ya agbègbè tí mo sọ yìí kúrò lára Niger Delta tó wà ní ìlà-oòrùn wa. Ọmọ wa tó bá lọ ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì níbikíbi á pàdé orúkọ náà nínú ìwé. Ó yẹ kó ti gbọ́ ọ nílé.

Ilẹ̀ pupa tí a ń rí níbi tí wọ́n bá ti gé ọ̀nà jẹ́ iṣẹ́ òjò. Òjò ti ń fọ ilẹ̀ yìí tipẹ́, ó wọ́ ohun tó rọrùn láti yọ́ lọ, ó fi irin sílẹ̀, irin náà sì dípẹtà. Níbi tó bá ti le gan-an, ó di yangí. Kí yangí tí olùkọ́ mú wá kọjá lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, kí wọ́n gbé e wò bó ṣe wúwo.

Bítúmẹ́nì ńkọ́? Ní Agbábù ní Odígbó, àti ní àyíká Òde-Ìrèlè, ọ̀dà dúdú yìí ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Epo rọ̀bì ni tẹ́lẹ̀. Ó rìn gba inú iyanrìn wá sókè, omi àti kòkòrò àìfojúrí sì jẹ èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó ki ló ṣẹ́kù. Ìgbànú rẹ̀ gba Ògùn, Oǹdó àti Ẹdó kọjá ní nǹkan bí kìlómítà 120. Ní 1908, iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ wá epo ní agbègbè wa, ogun 1914 ló sì dá iṣẹ́ wọn dúró. Ìyẹn fi nǹkan bí ọdún méjìdínláàádọ́ta ṣáájú Oloibiri, tí wọ́n rí epo ní 1956. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí a fi ń ṣe ọ̀nà wa ṣì ń ti òkè òkun wá.

Etí òkun

Òṣùpá ló ń fa omi òkun jù, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Omi máa ń kún, ó sì máa ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì méjì lójoojúmọ́. Nígbà òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, kíkún rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Àwọn apẹja Ìlàjẹ mọ èyí ju ìwé lọ. Etí òkun Màhín yàtọ̀ sí ti Èkó: ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, kò sí iyanrìn tó nípọn tó lè dá ìgbì dúró. Ìyẹn wà lára ìdí tí òkun fi ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ sì ti bá omi lọ. Tí ọmọ Ayétòrò bá wà nínú kíláàsì, kí olùkọ́ fi sùúrù bá a sọ ọ́. Ilé rẹ̀ là ń sọ.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Kí ló dé tí òjìji ọ̀pá wa kò kúrú jù ní aago méjìlá géérégé? Fi ìṣirò hàn.
2. Ọ̀rẹ́ rẹ ní London sọ pé òjìji ọ̀sán kì í kọjú sí gúúsù. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mu, ta ni kò bá mu?
3. Ṣàlàyé ìdí tí òwúrọ̀ oṣù Kìíní fi lè tutù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà náà la sún mọ́ oòrùn jù.
4. Bá àgbàlagbà kan tó ti wa kànga ní àdúgbò rẹ sọ̀rọ̀. Béèrè àwọ̀ ilẹ̀ tó kọ́kọ́ bá, èyí tó tẹ̀lé e, àti bó ṣe jìn tó kí omi tó yọ. Ya ìpele náà sínú ìwé rẹ pẹ̀lú orúkọ tí ó pè wọ́n.
5. Fún alẹ́ márùn-ún léraléra lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, kọ aago tí òṣùpá yọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń pẹ́ sí i ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan? Mú un wá ní ọjọ́ Ajé.